Ààrò Mẹ́ta Akọka: Bí St. Finbarr's Ṣe Di Ilé Bọ́ọ̀lù

Orúkọ bíṣọ́ọ̀bù kan tó kú sí ilẹ̀ Ireland ní nǹkan bí egbèje ọdún sẹ́yìn ni àwọn kọ̀ńdọ́ fi ń pe èrò ní Akọka títí di òní. “Finbarr's, Finbarr's, wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Kò sẹ́ni tó ń bi kọ̀ńdọ́ pé ta ni Finbarr. Ilé-ẹ̀kọ́ ni, bọ́ọ̀lù ni, ọ̀rọ̀ parí. Àwa tí à ń gbé ní Alákijà, tó jẹ́ pé a ní láti la Mile 2 àti Orílé kọjá ká tó fojú kan Yábàá, a ti mọ orúkọ náà kí á tó mọ ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà. Kò sí àdúgbò kan ní Èkó nígbà kan tí kò ní ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó máa ń búra pé Stephen Keshi, agbábọ́ọ̀lù tó jáde níbẹ̀, kì bá tí fọwọ́ rọ́ òun sẹ́yìn bí kì í bá ṣe ti orúnkún òun tó yẹ̀.

Finbarr ni ẹni mímọ́ tí ìlú Cork, ní gúúsù Ireland, fi ń yangàn. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi sọ ẹgbẹ́ eléré ìdárayá kan tó ti wà láti 1876, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní “the Barrs”. Bọ́ọ̀lù ìbílẹ̀ tiwọn ni wọ́n ń gbá, pẹ̀lú hurling, eré onígi kan tí ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já kò gbọdọ̀ dán wò. Ní Fermoy, ìlú kékeré kan ní àgbègbè Cork yẹn kan náà, ni wọ́n bí Denis Joseph Slattery sí ní 1916. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì SMA, àwọn Fadá tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọ Kátólíìkì ní Èkó láti ayé àwọn bàbá ńlá wa. Wọ́n fi í jẹ àlùfáà ní 1939. Nígbà tó di 1941, tí ogun Hitler gbóná janjan, ó ti gúnlẹ̀ sí Nàìjíríà.

St. Gregory's College, ní Obalende, ni wọ́n kọ́kọ́ rán an lọ láti kọ́ àwọn ọmọ níwèé, eré ìdárayá sì wà lára ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n fi í sídìí ìwé ìròyìn Catholic Herald gẹ́gẹ́ bí olóòtú. Àsìkò tí ìjà òmìnira ń ru gùdù ni, tí Zik, ọ̀kan lára àwọn tó ń jà á, ń fi ìwé ìròyìn tirẹ̀ na òyìnbó lẹ́gba lójoojúmọ́. Slattery, òyìnbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ireland ni: ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ gàba lé lórí fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Kò ṣòro fún un láti mọ ẹni tó yẹ kó gbè lẹ́yìn. Ó gbè sẹ́yìn àwọn ọmọ onílẹ̀, ó sì fi gègé rẹ̀ sọ ọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, á bọ́ sórí pápá pẹ̀lú fèrè lẹ́nu, nítorí rẹfirí ni, ó sì di ọ̀kan lára àwọn aṣáájú àwọn rẹfirí ní orílẹ̀-èdè yìí. Ẹ wo irú ẹni bẹ́ẹ̀: tíṣà, oníròyìn, rẹfirí, Fadá. Bí irú rẹ̀ bá dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ náà kò ní jọ ti ẹlòmíràn.

Kí á tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí á mọ ọjà tí ó fẹ́ pàtẹ sí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà pọ̀ ní Èkó kó tó di 1956, gbogbo wọn ló sì ti dàgbà. Baptist Academy ti wà láti 1855, CMS Grammar School láti 1859, Methodist Boys' High School láti 1878. King's College, tíí ṣe ti ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní 1909. St. Gregory's dé ní 1928, Igbobi College sì tẹ̀ lé e ní 1932. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni wọ́n bí lọ́yà, dókítà àti mínísítà. Bàbá tó bá lọ sí ọ̀kan nínú wọn kì í fẹ́ kí ọmọ òun lọ síbòmíràn. Ohun méjì ló máa ń kó gbogbo wọn pọ̀ síwájú èrò: eré sísá, tí wọ́n ń dù fún ife Grier, àti bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń dù fún ife Zard, èyí tí gbogbo ayé wá ń pè ní Principal's Cup nígbà tó yá.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà á fi èyí sọ́kàn: nígbà yẹn, bí ọmọ Èkó bá sọ pé “kọ́lẹ́ẹ̀jì”, kì í ṣe yunifásítì ló ń sọ. Yunifásítì kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo Nàìjíríà, Ìbàdàn ló sì wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ilé-ẹ̀kọ́ gíráámà. Bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ni bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ ọdún 15 sí 19 ń gbá ní Oníkan, ní pápá King George V tí wọ́n kọ́ ní 1930, tí àwọn àgbà ìlú á dá iṣẹ́ dúró láti lọ wò. Pápá náà ti pààrọ̀ orúkọ léraléra, Mobolaji Johnson ni wọ́n ń pè é báyìí. Koríko ibẹ̀ kò mọ èyí. Ibẹ̀ náà ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1956 ni St. Finbarr's gba àwọn ọmọ àkọ́kọ́ wọlé. Kò ní ilé tirẹ̀. Ilé àyálò ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kó lọ sí Akọka, nígbà tí púpọ̀ nínú Akọka ṣì jẹ́ igbó àti irà tó lọ pàdé ọ̀sà. Slattery kò fẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n á ti máa kọ́ni ní Látìn-ìn àti ìtàn àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Ó pa iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ mọ́ gíráámà: ọmọ kan náà tó ń ka ìwé Shakespeare láàárọ̀ ni yóò mú ayùn tàbí òòlù lọ́sàn-án, tí yóò sì mọ bí wọ́n ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ. Irú èyí kò wọ́pọ̀ ní Èkó nígbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ ṣe akọ̀wé lásán kò ní tètè kà á kún. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, àwọn oníṣòwò, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìlà-Oòrùn, láti Àárín Ìwọ̀-Oòrùn àti láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn wọ̀nyí ló rí i pé ọ̀nà ló là fún ọmọ wọn.

Ìṣòro kan ṣẹ́kù. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kò lórúkọ. Kò ní bàbá tó jẹ́ adájọ́, kò ní ọmọ-ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ tó ń jókòó ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Kí ni yóò fi bá CMS tó ti tó ọdún 97 jà? Kò lè fi ọjọ́ orí bá a du nǹkan kan. Ní èrò tèmi, ibí yìí gan-an ni Slattery ti gbọ́n ju àwọn Fadá yòókù lọ. Ó mọ̀ pé kò sí ohun tó ń sọ ọmọ tuntun di ẹni mímọ̀ ní Èkó bí ọjọ́ tó bá fi bọ́ọ̀lù na ọmọ onílé ńlá ní Oníkan, lójú gbogbo ayé. Àbájáde ìdánwò, inú ìwé ìròyìn ló ń gbé, ènìyàn díẹ̀ ló ń kà á. Bọ́ọ̀lù, kódà ìyá oníresì ní ẹnu ọ̀nà pápá á ròyìn rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà dúró lé: ìwé, bọ́ọ̀lù, àti ìwà. Yorùbá ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ìlànà Finbarr's sì nìyẹn láìfi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sára ògiri lásán. Bí wọ́n ti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra ni ọgbọ́n ibẹ̀ wà. Àwọn tó jáde níbẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó sọ fún èèyàn pé ọmọ tó bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò kò ní rí jésì wọ̀, ì báà gbá bọ́ọ̀lù bí i Pelé. Òfin géètì sì wà: ẹni tí wọ́n bá bá níta ọgbà ní àkókò ẹ̀kọ́ láìgbàṣẹ, ẹrù rẹ̀ ni yóò kó. Fadá kì í wo ojú bàbá ẹnikẹ́ni nínú èyí. Nítorí náà, ọmọ tó bá fẹ́ bọ́ọ̀lù ní láti fẹ́ ìwé, ọmọ tó bá sì fẹ́ méjèèjì kò gbọdọ̀ fo ọgbà. Okùn kan ló fi so wọ́n. Fún ọmọ tó jẹ́ pé kò sóhun tó fẹ́ láyé ju bọ́ọ̀lù lọ, kò sí pàṣán tó lágbára tó ìyẹn.

Lórí pápá, wọ́n kọ́kọ́ ń jìyà. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun kì í fò wọ àṣekágbá. Àmọ́ nígbà tó yá, wọ́n gba Principal's Cup, wọ́n tún gbà á, ó sì di pé bí wọ́n bá ka orúkọ àwọn tó lè gbà á lọ́dún kan, Finbarr's kì í gbẹ́yìn. Èyí tó dùn jù fún àwọn olùwòran ni ìgbà tí ó bá kan St. Gregory's, nítorí ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá: Kátólíìkì ni yín, Kátólíìkì ni wá, a ó wá rí ẹni tí Màríà Wúndíá fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọjọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò bá a. Kíláàsì á ti tú ní kùtùkùtù ọ̀sán. Àwọn ọmọ á wọ yúnífọ́ọ̀mù wọn tí wọ́n ti fi irin lọ̀ dáadáa, nítorí pé ẹni tó bá wọ aṣọ jákujàku ń ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́. Apá kan lórí ìjókòó jẹ́ tiwọn, apá kejì jẹ́ tàwọn ọ̀tá. Ìlù ń dún, agogo ń dún, ẹnì kan tó ní fèrè kò ní gbé e kúrò lẹ́nu títí ètè rẹ̀ á fi wú. Orin ni wọ́n fi ń bú ara wọn: orin nípa ẹsẹ̀ aṣọ́lé, orin nípa irun ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, orin nípa ẹ̀wà tí wọ́n ń jẹ ní hóòsì, tó jẹ́ pé kòkòrò rẹ̀ ju ẹ̀wà lọ. Ní ìsàlẹ̀, létí pápá, àwọn ọkùnrin kan á jókòó tí wọn kò ní kọrin. Àwọn wọ̀nyẹn ló lẹ́rù jù. Àwọn tó ń wá ọmọ fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni: ti Stationery Stores, ti ACB, ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Haruna Ilerika, tó wá di òrìṣà àkúnlẹ̀bọ ní Stationery Stores, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Zumratul Islamiyyah ni, inú bọ́ọ̀lù ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí náà ló sì ti yọ. Ẹni tó bá ní Kìrìsìtẹ́nì nìkan ló ni bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Èkó, kò mọ Ilerika ni.

Láti inú ìdíje yìí ni wọ́n ti ń ṣa àwọn tó ń jẹ́ Academicals, ikọ̀ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, tó máa ń bá ti Ghana ta kàn-ń-gbọ̀n. Láti ibẹ̀, ó ku ìṣísẹ̀ kan sí ikọ̀ àgbà. Ìṣísẹ̀ yẹn kúrú débi pé ní 1980, ọmọkùnrin ọdún 16 kan gbà á kọjá.

Henry Nwosu ni. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Finbarr's ló ṣì jẹ́ nígbà tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ará Brazil, Otto Glória, mú un wọ ikọ̀ Green Eagles fún ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà tí Nàìjíríà gbàlejò rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: Christian Chukwu ni balógun, Segun Odegbami wà níwájú, Muda Lawal wà láàrin, Best Ogedegbe ń ṣọ́ ilé, ọmọ kan tó yẹ kó wà nídìí iṣẹ́ àṣetiléwá sì wà láàrin wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta, ní pápá ìṣeré orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, wọ́n na Algeria ní àmì-ayò 3 sí 0. Odegbami jẹ méjì, Lawal jẹ ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà gba ife náà. Ernest Okonkwo, tó ń ṣàlàyé bọ́ọ̀lù lórí rédíò bí ẹni ń ké ewì, tó ti fún Odegbami ní “Mathematical”, sọ Nwosu ní “Youngest Millionaire”. Kò pẹ́ tí kò sí ọmọ tó ń gbá fẹ́lẹ́lẹ́ ní ojúlé Èkó tí kò pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nwosu kú ní oṣù kẹta 2025, ọmọ ọdún 61 ni.

Èkejì rẹ̀ ni Stephen Keshi. Azare, ní Bauchi, ni wọ́n bí i sí, ọmọ Illah ní ìpínlẹ̀ Delta ni, Èkó ló sì ti kàwé: ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Paul's ní Apapa Road, lẹ́yìn náà ó di Finbarr's ní àárín àwọn ọdún 1970. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró sí, á sì máa pàṣẹ. Kì í ṣe ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù dárà bí Nwosu; ẹni tí ó ń sọ ibi tí oníkálukú yóò dúró sí ni. Ó gba ACB lọ sí New Nigeria Bank ní Benin, ó kọjá sí Ivory Coast, ó dé Belgium, ó gbá bọ́ọ̀lù ní Anderlecht. Ó ṣe balógun Super Eagles tí wọ́n gba ife Áfíríkà ní Tunisia ní 1994. Ó kó Togo, orílẹ̀-èdè kékeré tí kò dé ìdíje àgbáyé rí, dé ẹnu ọ̀nà ìdíje 2006, wọ́n sì gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ìdíje náà tó bẹ̀rẹ̀, irú ohun tí a máa ń fi san oore láyé. Ní 2013, ní South Africa, ó gba ife Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Sunday Mba ló jẹ góòlù kan ṣoṣo tó na Burkina Faso. Láyé kó tó dìgbà yẹn, Mahmoud El-Gohary ará Egypt nìkan ló ti gba ife náà gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tó tún wá gbà á gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Keshi kú ní oṣù kẹfà 2016. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá ìṣeré ní Asaba.

Ó yẹ kí èèyàn béèrè ìbéèrè kan níbí yìí. Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, Akọka náà ló wà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Finbarr's. Kí ló dé tí kì í ṣe yunifásítì náà ló di ilé bọ́ọ̀lù? Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, yunifásítì ló ni irú ògo yìí. Ìlú kan wà ní South Carolina tó ń jẹ́ Clemson, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 20,000, àmọ́ pápá bọ́ọ̀lù yunifásítì wọn ń gba èèyàn tó lé ní 80,000. Bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń gbé sápá sá, tí wọ́n ń dé àṣíborí sí, ni mo ń sọ. Nígbà tí Clemson gba ife gbogbo Amẹ́ríkà fún sáà 1981, ọmọ Nàìjíríà kan, Donald Igwebuike, ló ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó fún wọn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa yìí ló gbé e débẹ̀ kí wọ́n tó yà á lò. Ọjọ́ Sátidé tí Clemson bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, ìlú náà á di ìlú mẹ́rin.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Kí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá tó dé yunifásítì, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ti mú un lọ. Adokiye Amiesimaka ka ìwé òfin ní Yunifásítì Èkó, ìdí nìyẹn tí Okonkwo fi pè é ní “Chief Justice”, ó sì wà nínú ikọ̀ 1980 yẹn, ṣùgbọ́n Rangers ti Enugu ni àwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, kì í ṣe Akọka. Odegbami kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn. IICC Shooting Stars ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Lóòótọ́ àwọn yunifásítì dá NUGA sílẹ̀ ní 1965, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966, ṣùgbọ́n gbogbo ọdún kọ́ ni ìdíje yẹn ń wáyé, ogúnlọ́gọ̀ eré mìíràn ló sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí èèyàn kì í rí lọ́dọọdún kò lè di àṣà rẹ̀. Principal's Cup, ọdọọdún ló ń wáyé nígbà náà.

Ẹ̀yìn náà ni nǹkan wá yí padà, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn míṣọ́n. Nígbà tí Lateef Jakande wọlé gẹ́gẹ́ bí gómìnà Èkó ní 1979, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó fòpin sí ètò kí àwọn ọmọ kan wá láàárọ̀, kí àwọn mìíràn wá lọ́sàn-án. Oore ńlá ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni kò bá tí ì rí ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀. Èmi kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àmọ́ kíláàsì ló ń kọ́, wàràwàrà sì ni. Àwọn alátakò rẹ̀ pe àwọn kíláàsì náà ní ilé adìyẹ. Níbi tí ilẹ̀ kò ti tó, orí ibi tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni kíláàsì bọ́ sí. Finbarr's di ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba bí ti gbogbo ayé. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọba bá rán wá lónìí lè lọ ní ọ̀la. Kò ní okùn tí yóò fi so ìwé mọ́ bọ́ọ̀lù, nítorí kò ní agbára láti lé ẹnikẹ́ni, kò sì ní ìdí láti dá ẹnikẹ́ni dúró.

Ohun kejì dé ní àwọn ọdún 1990. Nàìjíríà lọ sí ìdíje àgbáyé 1994, gbogbo òbí sì rí i pé bọ́ọ̀lù lè kọ́ ilé. Akádẹ́mì bẹ̀rẹ̀ sí yọ bí olú. Pepsi Football Academy, tó ti wà láti 1992, ló lórúkọ jù nínú wọn. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí Slattery ṣe. Akádẹ́mì kò bi ọmọ léèrè iye tó gbà nínú ìṣirò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò, pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ ló sì tẹ̀ lé e. Ọmọ tó yẹ kó ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Oníkan ní ọdún 17 ti wà ní ẹnu géètì ẹgbẹ́ kan ní Yúróòpù, ó ń dúró de ìdánwò ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní 2001, lábẹ́ Bola Tinubu, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n padà fún àwọn tó ni wọ́n. Finbarr's padà sọ́wọ́ ìjọ Kátólíìkì. Slattery ṣì wà láyé, ó rí i. Ó kú ní 2003. Àwọn ọmọ-ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kún ilé-ẹ̀kọ́ wọn lọ́wọ́, ìwé tún gbérí níbẹ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ náà gbérí pẹ̀lú, ọmọ kọ̀ńdọ́ kò sì lè san án. Ẹsẹ̀ kan nínú ààrò náà nìyí tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀: ní ìgbà tí Finbarr's jẹ́ Finbarr's, ọmọ talákà tó mọ bọ́ọ̀lù gbá àti ọmọ tó mọ ìwé lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Bọ́ọ̀lù Èkó, láti Ajégúnlẹ̀ títí dé Mushin, inú ilé talákà ló pọ̀ sí jù. Ilé-ẹ̀kọ́ tí talákà kò lè wọ̀ á ní láti wá ibòmíràn wá agbábọ́ọ̀lù.

GTBank bá ìjọba Èkó gbé Principal's Cup dìde padà ní nǹkan bí 2010, ó sì fún ìdíje náà ní ẹ̀mí díẹ̀. Ní 2018, àwọn yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀ líìgì tiwọn, HiFL. Ikọ̀ yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Makurdi, UAM Tillers, ló gba ti àkọ́kọ́, wọ́n sì tún gbà á ní 2019. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, ife méjì léra: ẹni bá ń wá Clemson wa, ibẹ̀ ni kó kọ́kọ́ yà. Ní òpópónà tiwa níbí, láti Alákijà gba Abúlé-Àdó àti Trade Fair dé Ọ̀jọ́, LASU ni yunifásítì wa, èyí tí Jakande dá sílẹ̀ ní 1983. LASU Blazers ni ikọ̀ wọn ń jẹ́. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, LASU àti UNILAG jọ gbàlejò ìdíje àwọn yunifásítì ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọmọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ọ̀jọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládùúgbò mi ni kò mọ̀ pé ohun kan ń lọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín ìdíje náà, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà ní ẹ̀yìn ilé wa kún dẹ́nu nítorí Arsenal.

Bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa pàdánù lára Finbarr's àtijọ́, n kò ní dárúkọ pápá, n kò ní dárúkọ owó. Gémùmásítà ni. Tíṣà kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó lè sáré, tó mọ ilé wọn, tó mọ ẹni tí ebi ń pa, tó lè wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fún lágbájá ní àyè kan sí i nínú ìṣirò. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, tíṣà tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìlera ni wọ́n kàn ń sọ pé kó máa bójú tó eré pẹ̀lú, láìfi kọ́bọ̀ kún owó oṣù rẹ̀. Ní Festac àti Amuwo, àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò sí ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ìdí mọ́ńkì-pósítì, bọ́ọ̀lù olópòó kéékèèké, ni wọ́n wà lọ́jọ́ Àìkú, sẹ́ẹ̀tì kan ń dúró de èkejì, góòlù méjì tàbí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn tí òbí wọn lágbára á san owó oṣù fún akádẹ́mì kan tó ń fi pápá ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀. Àwọn yòókù á lọ sí kíláàsì, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n jẹ góòlù mẹ́ta lánàá.